Láti owó ọ̀sẹ̀ sí owó ìgbà ọjà: àkọsílẹ̀ gbèsè oníṣòwò èlùbọ́ kan

Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ń ta èlùbọ́ ní ọjà kan ní Ìbàdàn. Ó gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àwọn tó ń gba oníṣòwò nímọ̀ràn lórí gbèsè, bí n kò bá ti dárúkọ òun, tí n kò sì dárúkọ ọjà náà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí òun náà wà nínú rẹ̀, iye owó tí mo sì kọ síhìn-ín ni iye tó wà nínú ìwé wa àti nínú àwọn ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kó wá.

Ẹni tí kò bá mọ òwò èlùbọ́ lè má lóye ibi tí ìṣòro náà ti wá. Láti Òkè-Ògùn ni ọjà rẹ̀ ti ń wá, láti Ṣakí, Ìgbòho àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí oòrùn sì mú, ni wọ́n máa ń sá iṣu tí wọ́n ti bẹ, tí wọ́n sì ti fi omi gbígbóná bọ̀, títí yóò fi di gbodo. Nítorí náà, láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta ni gbodo máa ń pọ̀, tí owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Bí òjò bá ti wá rọ̀ dáadáa, tí gbodo kò sì ṣeé sá mọ́, owó èlùbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹni tó bá rà á ní oṣù Kìíní tó sì lè dúró di oṣù Keje ló ń jẹ èrè. Ẹni tí kò bá lè dúró yóò tà á ní àsìkò kan náà tí gbogbo ènìyàn ń tà á, èrè tí yóò rí lórí àpò kan sì lè má tó owó ọkọ̀ tó gbé e wá.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìyá yìí yá ₦300,000 lọ́wọ́ báńkì kékeré kan tó ń yá àwọn obìnrin ọjà lówó ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́wàá ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ náà, olúkúlùkù sì jẹ́ onídùúró fún àwọn yòókù. ₦15,000 ni yóò máa san ní gbogbo ọjọ́ Ajé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦360,000. Báńkì mú ₦30,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìfipamọ́ tí kò lè fọwọ́ kàn títí yóò fi san gbèsè tán, wọ́n sì yọ ₦6,000 fún fọ́ọ̀mù, tó fi jẹ́ pé ₦264,000 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú ₦15,000 tó ń san, ₦12,500 ni ojú owó, ₦2,500 sì ni èlé. Nígbà tí ó bá fi san án dé ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìdajì ojú owó ti padà sọ́dọ̀ báńkì, síbẹ̀ ₦2,500 náà kò ní dín, nítorí orí ₦300,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé èlé lé, kì í ṣe orí èyí tó kù. N kò rí oníṣòwò kan nínú ọjà wa tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí ìṣirò tí kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ni ó san ti àkọ́kọ́. Ó san ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án láìyẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí i san ni kí a kíyè sí. Ó ra gbodo ní oṣù Kejìlá pẹ̀lú èrò pé òun yóò tọ́jú rẹ̀ di ìgbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ajé kò jẹ́ kí ó tọ́jú rẹ̀. Ó ń lọ̀ ọ́, ó ń tà á nígbà tí ó pọ̀ jù lọ lọ́jà, kò sì ń rí ju ₦1,000 lọ lórí àpò kan. Ìyẹn ni pé gbèsè náà ti ń jẹ èrè ọjà kó tó di pé wàhálà kankan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá wo ìwé rẹ̀ ní oṣù Kìíní yóò sọ pé oníbàárà tó dára ni, nítorí kò tíì jẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Wàhálà dé nígbà tí owó náírà wọ́n. Báńkì àgbà Nàìjíríà ti kéde ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé wọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n fi ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2023 ṣe gbèdéke, wọ́n sì sún un di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. Owó àtijọ́ kò ṣeé ná mọ́, tuntun kò sì tó. Àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS. Èlùbọ́ jẹ́ ọjà tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò, tí ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ sì ń fi owó ọwọ́ rà, nítorí náà ọjà dúró. Ní ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kìíní, tí í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò rí nǹkan kan gbé wá sí ìpàdé. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí owó yóò fi pé. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù dá ₦15,000 náà jọ fún un. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún dá a. Báńkì kò kọ gbèsè yẹn sínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n òun ni ó wúwo jù lọ́kàn rẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni òun àti àwọn tí ó jẹ lówó náà ń rí ara wọn.

Ibí ni ó ti kọ́kọ́ pààrọ̀ ètò ìsanwó, ó sì ṣì í ṣe. Ọkùnrin kan wà tó ń yá àwọn ará ọjà ní owó ojoojúmọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà. Ó fún un ní ₦100,000, yóò sì máa san ₦2,000 lójúmọ́ fún ọgọ́ta ọjọ́ ọjà, láìka ọjọ́ Àìkú. Ìyá náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Mo rò pé ẹgbàá náírà lójúmọ́ kò lè pa mí lára.” Ó san ₦30,000 tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá fún un padà, ó fi ₦60,000 san ọ̀sẹ̀ kejìlá títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ₦10,000 tó kù sì bá owó ọkọ̀ àti owó oní-POS lọ. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó lọ sínú ọjà. Kí ó tó yá a, ₦15,000 ni ó gbọ́dọ̀ rí lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí ó yá a tán, ₦15,000 ọjọ́ Ajé ṣì wà níbẹ̀, ₦12,000 sì ti kún un. Ẹni tí ₦15,000 ń nira fún ti wá di ẹni tó ń wá ₦27,000.

Mo ti rí àṣìṣe yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Bí a bá gé owó sí wẹ́wẹ́, ojú kì í ka àpapọ̀ rẹ̀ mọ́. Owó ojoojúmọ́ sì tún burú fún oníṣòwò èlùbọ́ ju ti ọ̀sẹ̀ lọ, nítorí pé ó fa ọjọ́ ìsanwó súnmọ́ tòsí nígbà tí èrè ọjà wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tó ń gba owó náà ń wá jókòó sí ìsọ̀ ní àárọ̀ títí owó yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti ń ṣe sí àwọn tó ra aṣọ àwìn láyé àtijọ́. Oníbàárà tó bá rí i bẹ́ẹ̀ á yà lọ sí ìsọ̀ mìíràn.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, ó gba ₦25,000 lórí áàpù kan nínú fóònù láti fi san ti ojoojúmọ́. ₦32,500 ni yóò dá padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ni ó wá sọ́dọ̀ mi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù náà pé kí owó àtijọ́ ṣì jẹ́ níná títí di òpin ọdún, ṣùgbọ́n owó kò tíì rìn káàkiri ọjà. Ó ti jẹ ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́.” Ọdún mẹ́ta ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ wa, ó ní ₦120,000 nínú ìwé, òfin wa sì fàyè gbà á láti yá ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo bi í léèrè pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò fi kọ́kọ́ wá síbí?” Ó ní ìpàdé oṣù ni ẹgbẹ́ máa ń dúró dè, pé onídùúró méjì ni wọn yóò sì bèèrè, tí gbogbo ọjà yóò fi mọ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn ayánilówó tó ń pa ènìyàn lára mọ̀ pé kíákíá àti bòókẹ́lẹ́ ni àwọn fi ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wa, àwa kò sì tíì ṣe nǹkan kan sí i.

A kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀. Ó dárúkọ méjì: ti báńkì, tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ₦135,000, àti ti ojoojúmọ́, níbi tí ó ti san ọjọ́ méjìdínlógún, tó ku ₦84,000. Kò dárúkọ ti orí fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn tó wà nínú fóònù rẹ̀ gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn oní-áàpù náà tó pè é ní olè, obìnrin tó ti ṣèlérí láti ṣe onídùúró rẹ̀ sì wà lára wọn. Obìnrin náà wá bá mi pẹ̀lú ìbínú pé kí n yọ orúkọ òun kúrò.

Ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ ìbá ti bàjẹ́. Ohun tó gbà á là ni pé ìyá náà fúnra rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ onídùúró rẹ̀, ó fi fóònù lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi jù nínú rẹ̀. Mo bèèrè pé, “Ta ni ẹ jẹ lówó?” Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ènìyàn. Kò ka áàpù sí ẹnì kan. Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, owó wo ló wọlé sí yín lọ́wọ́ tí kì í ṣe owó ọjà, kí a sì jọ wo inú fóònù bí ẹni náà bá gbà. Mo tún sọ fún un pé irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lòdì sí ìlànà tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé jáde ní ọdún 2022 fún àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù, a sì kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa rò pé gbèsè tó tóbi jù ni kí a kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èrò tèmi ni pé iye owó nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ẹ̀tẹ̀. Gbèsè tí owó ìtanràn rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́, tó sì ń lé onídùúró sá, ni ẹ̀tẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù. Àpò mọ́kànlá ṣì wà nílẹ̀. A ta méjì, a sì parí ti fóònù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà. Mo lo ọjọ́ tó wà láàárín láti kọ lẹ́tà sí báńkì náà, mo bèèrè iye tí wọn yóò gbà bí a bá parí gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ wọn ní ₦135,000 ni, kò lè dín. Mo lọ bá máníjà rẹ̀. Mo fi hàn án pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú rẹ̀ kò tíì pé, pé ₦15,000 sì ni èlé tó wà lórí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó yọ ìdajì, ₦7,500, ó sì gbà pé kí wọ́n fi ₦30,000 tí wọ́n mú sílẹ̀ dí gbèsè náà. Gbèsè ₦135,000 di ₦97,500, nítorí pé a bèèrè, tí a sì bèèrè lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló gbàgbé pé owó ìfipamọ́ yẹn jẹ́ tiwọn. Alájọjúmọ́, ìyẹn ọkùnrin tó yá a ní owó ojoojúmọ́, ní tirẹ̀ kò yọ kọ́bọ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo rò pé yóò rọrùn jù, àwọn ló sì le jù. Àgbà wọn sọ fún mi pé, “Akọ̀wé, ẹ̀yin fẹ́ mú ẹnì kan kúrò nínú wa, báńkì yóò sì ní ẹgbẹ́ wa ti fọ́, kò ní yá wa mọ́.” Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá jáde kúrò nínú gbèsè àjùmọ̀dúró, ẹrù rẹ̀ lè bọ́ sórí àwọn tó kù. Mo mú un lọ bá máníjà yẹn, a sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìwé pé ẹgbẹ́ náà ṣì dúró pẹ̀lú àwọn mẹ́sàn-án, nítorí pé ẹni tó jáde san gbèsè rẹ̀ tán. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba fún ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dá owó fún un.

Ní ìpàdé tiwa, kò sí ẹni tó kọ̀ láti yá a ní ₦200,000. Àríyànjiyàn wà lórí bí yóò ṣe san án. Àṣà wa ni pé kí ojú owó máa wọlé ní ìdọ́gba láti oṣù àkọ́kọ́, pẹ̀lú èlé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí ohun tó kù. Mo sọ pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tún ta àpò mẹ́sàn-án tó kù ní ìgbà tó pọ̀, a ó wulẹ̀ sọ ọjọ́ Ajé di òpin oṣù ni. Mo dábàá pé kí ó san èlé nìkan, ₦2,000, ní oṣù Kẹrin, Karùn-ún àti Kẹfà, kí ó sì máa san ₦40,000 ojú owó pẹ̀lú èlé láti oṣù Keje títí di oṣù Kọkànlá. Akápò wa ní bí a bá ṣe é fún ẹlẹ́lùbọ́, oníbàtà náà yóò sọ pé òun ní ìgbà tòun. Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní, ìgbà ọdún àti ìgbà tí iléèwé bá wọlé ni, àwa ni a kò bèèrè rí. Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó gbà.

A kò fi owó náà lé e lọ́wọ́, òun náà kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti àkáǹtì ẹgbẹ́ ni ₦97,500 ti lọ sí báńkì àti ₦84,000 sọ́dọ̀ alájọjúmọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta. ₦18,500 tó kù di owó tirẹ̀ fún ọkọ̀ àti alágbàrù. A dúró ní ọ́fíìsì báńkì títí wọ́n fi tẹ ìwé pé kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ọ̀dọ̀ alájọjúmọ́, tí kì í fúnni níwèé, a ní kí ó kọ ọ́ sínú káàdì ìsanwó rẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Bí ọjọ́ kan bá wà láàárín gbígba owó tuntun àti pípa gbèsè àtijọ́, ọjọ́ yẹn ni ọmọ yóò ṣàìsàn tàbí tí ẹbí yóò dé.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, owó ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn sì fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó èlùbọ́ bá a gòkè, àpò mẹ́sàn-án ìyá náà sì wà nílé. Ó san ti oṣù Keje, ó san ti oṣù Kẹjọ, láìní ẹnikẹ́ni jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ó mú ₦20,000 wá dípò ₦40,000. Kòkòrò ti wọ àpò méjì tó kù. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni ó tò wọ́n sí, ọ̀rinrin òjò sì gòkè wọ inú wọn. Èmi tí mo dúró gbọn-in pé kí ó tọ́jú ọjà di ìgbà òjò kò bèèrè ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Sísún ọjọ́ ìsanwó síwájú ní ewu tirẹ̀, orí ọjà ni ewu náà sì bọ́ sí. A kò bu owó ìtanràn lé e, nítorí pé kó tó di ọjọ́ ìsanwó ni ó ti wá sọ fún wa. A sún èyí tó kù di oṣù Kejìlá, ó sì san án tán níbẹ̀. Àpapọ̀ èlé tó san fún wa láàárín oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦12,600.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ó tún wá gba fọ́ọ̀mù láti fi ra gbodo. A ti fi ìlà méjì kún fọ́ọ̀mù náà: oṣù wo ni ọjà yín máa ń wọ́n, àti níbo ni ẹ ó tọ́jú rẹ̀ sí títí di ìgbà náà. Ó kọ oṣù Kẹfà sí àkọ́kọ́. Nígbà tí ó dé èkejì, ó bi mí léèrè bóyá pákó mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé òun fẹ́ tẹ́ wọn sábẹ́ àpò.